Ìyálé, Ìyàwó àti Òkúta Ojúde Wa

Òjòwú ni ìyá àgbà mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ará Fọlá Àgòrò, àdúgbò wa, kan má baà wá bá mi sọ ọ́ bíi pé mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ káà ilẹ̀ sùn ni àwọn èèyàn ti ń wá kí wa, tí wọ́n ń sọ pé onísùúrù ni, ẹni tí kì í bínú. Mo kàn máa ń wo ẹnu wọn ni. Onísùúrù ta ni? Ìyá àgbà tèmi lè jowú nítorí adìẹ tó lọ sùn sẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Èmi náà sì jogún ẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ń jowú obìnrin kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Obìnrin náà ni ìyàwó kejì tí bàbá àgbà wa fẹ́. Ìyá Kékeré ni àwa ọmọ ilé ń pè wọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, iṣẹ́ òkúta fífọ́ sì ni bàbá wọn ń ṣe. Ìyá àgbà ní tiwọn, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n, wọ́n sì gbà pé kò sí ilẹ̀ tó dáa ju èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dán lọ. Nígbà tí bàbá àgbà, tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, kọ́lé tán, bàbá Ìyá Kékeré fi lọ́rì kó òkúta pẹlẹbẹ ránṣẹ́, wọ́n sì tò ó sójúde láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí gọ́tà. Òkúta aláwọ̀ eérú ni, tí ìlà funfun àti ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ẹ̀ kọjá. Kò sírú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò ó, bí wọ́n bá sì béèrè, bàbá àgbà á ní, "Òkúta bàbá Àṣàkẹ́ ni." Àṣàkẹ́ ni oríkì Ìyá Kékeré. Gbólóhùn yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà.

Ẹni tó bá dàgbà nílé olórogún mọ̀ pé ìyálé kì í gbá ojúde. Iṣẹ́ ìyàwó ni. Ìyálé á jókòó, á máa nàka: ibẹ̀ yẹn ò mọ́, tún un gbá. Ìyá Kékeré sì mọ òkúta tọ́jú, torí ìdí ẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí kò le jù. Igi ṣóńṣó ni wọ́n fi ń yọ ohun tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń hù láàárín òkúta nígbà òjò, wọn kì í jẹ́ kí irin kàn án. Bí bàbá àgbà bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí yíǹkì ṣì wà léèékánná wọn, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta náà, wọ́n á ní, "Háà, ara tù mí. Àṣàkẹ́, o ṣé o." Ìyá àgbà ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà gbé korobá, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n kúnlẹ̀ sójúde lójú gbogbo ayé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ òkúta. Ìyálé o! Àdúgbò dá iṣẹ́ dúró. Ìyá Kékeré sáré jáde, wọ́n ní, "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, wọ́n á ní mo ti sọ yín di ẹrú." Ìyá àgbà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ṣé òkúta nìkan ni bàbá ẹ fún ọ ni, àbí ó fi ọkọ mi ṣe ènì?"

Láti ọjọ́ náà ló ti di ìjà korobá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń fọ òkúta. Ìyá Kékeré jí kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, ìyá àgbà jí ṣáájú wọn. Nígbà tó yá, ìyá àgbà gbé korobá wọ yàrá, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Kékeré lọ ra tiwọn. Ẹ wo obìnrin méjì tó ń bá ara wọn du iṣẹ́ tí gbogbo ìyàwó ilé ń sá fún. Bàbá àgbà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, kò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Tàbí kẹ̀, wọ́n mọ̀, ó ń dùn mọ́ wọn. Ọkùnrin!

Fífọ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ òkúta. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti mú, Ìyá Kékeré máa ń kùn ún ní òróró linsíìdì, èyí tí àwọn káfíńtà fi ń pa igi. Wọ́n á fi kẹrosíìnì díẹ̀ là á, wọ́n á fi àkísà pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára òkúta, wọ́n á dúró díẹ̀ kó mu ún, wọ́n á sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò kó tó di ohun tó ń lẹ̀. Òkúta tó bá ti mu òróró báyìí, bí epo pupa dà sí i, kò ní wọlé. Bí òjò rọ̀ sí i, omi á ṣù jọ lójú ẹ̀, á máa yí bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá àgbà ti wo gbogbo ẹ̀ láti ojú fèrèsé lọ́dọọdún, wọ́n sì rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú fèrèsé ò jẹ́ kí wọ́n rí ni iye ọjọ́ tí òkúta fi ń gbẹ kí wọ́n tó kùn ún.

Bó ṣe di pé ọyẹ́ mú nìyẹn, tí Ìyá Kékeré lọ kí bàbá wọn tó ń ṣàìsàn ní Abẹ́òkúta. Àyè gba ìyá àgbà. Wọ́n fọ òkúta láàárọ̀, wọ́n kùn ún lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, torí wọ́n fẹ́ kí ọkọ wọn bá a tó ń dán. Wọn ò kùn ún fẹ́lẹ́ o. Wọ́n pa á bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì ọmọ tó fẹ́ràn. Ó dán lóòótọ́. Bàbá àgbà dé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òkúta ti yọ funfun káàkiri, bíi lápálápá lórí ọmọ iléèwé. Omi tó wà nínú ẹ̀ ò rọ́nà jáde mọ́. Bàbá àgbà ò bínú, ì bá tiẹ̀ sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn dúró, wọ́n bi ìyá àgbà pé, "Kí ló ṣe òkúta bàbá Àṣàkẹ́?"

Nígbà tí Ìyá Kékeré dé, gbogbo ilé dúró de ìjà. Wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan òkúta, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn. Wọ́n lọ ra kẹrosíìnì, wọ́n ya àkísà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń bó òróró náà kúrò. Ìyá àgbà wò wọ́n títí, wọ́n jáde, wọ́n kúnlẹ̀ sápá kejì. Wọ́n jọ bó o títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí bàbá àgbà dé, Ìyá Kékeré sọ fún wọn pé, "Bàbá, òróró tí mo fi sílẹ̀ ni ò dáa, àwọn tó tà á ti lú nǹkan mọ́ ọn." Bí wọ́n ṣe ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá mú abọ́ páànù kan, wọ́n dojú ẹ̀ dé orí òkúta, wọ́n ní, "Ìyálé mi, tó bá di àárọ̀, ẹ ṣí i. Tí abẹ́ ẹ̀ bá làágùn, inú òkúta ò tíì gbẹ. Ẹ má kùn ún."

Ẹ ò rí i pé oore nìyẹn? Títí ìyá àgbà fi kú, wọn ò dárí ẹ̀ ji Ìyá Kékeré. Mo bi wọ́n rí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń bá ẹni tó bo àṣírí wọn jà. Wọ́n ṣu ẹnu pọ̀, wọ́n ní, "Tó bá bú mi ni, ǹ bá bú u padà, a ó sì kúrò níbẹ̀. Ó rọra bò mí láṣìírí, ó wá fi dè mí."

Ibi tí èmi ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Bàbá àgbà ti kú, Ìyá Kékeré ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Ladi-Lak ní Bàrígà, wọ́n sì mú mi wá gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Èmi ni mo ń sùn sẹ́sẹ̀ wọn. Èmi ni mo ń pọn omi, tí mo ń bá wọn dirun, tí mo mọ ìgbà tí eékún ń dùn wọ́n kí wọ́n tó sọ ọ́. Mo rò pé èmi ni mo ni wọ́n. Lásìkò yẹn, òkúta ti di òkúta wọn. "Ẹ má da omi ẹja sí òkúta mi." "Ta ló tẹ̀ mọ́ òkúta mi?" Bí epo bá kán sí i, wọ́n á sáré bu eérú lé e lórí kó fà á mu. Ìyá Olókùúta ni gbogbo Fọlá Àgòrò ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ.

Àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti mú, tí wọ́n bá ti fọ òkúta, tí wọ́n dé abọ́, tí abẹ́ abọ́ gbẹ, wọ́n á pè mí. Wọ́n á ní, "Àbẹ̀ní, lọ sí Ladi-Lak. Sọ fún ìyàwó mi pé kó wá wo òkúta bàbá ẹ̀." Òkúta bàbá ẹ̀! Lẹ́nu iṣẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi á sì lọ, màá jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi, Ìyá Kékeré á sì dáhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́. Ìyálé mi ò rí ẹlòmíràn pè?" Ẹ̀rín á ti kún ẹnu wọn. Wọ́n ti ká àkísà sínú àpò kí n tó dé, mo rí i.

Mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Mo bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà á ní, "Bọ́ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹ ń gbọn eruku." Àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa fẹ̀yìn rìn lọ sí gọ́tà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá àgbà tó ń lé mi bí ẹní lé ewúrẹ́, tó ń bú ìyàwó wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, á máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bí ọmọge. Èmi á jókòó sójú fèrèsé. Fèrèsé yẹn náà ni o.

Ìyẹn ò tiẹ̀ tó. Ọdún kan wà lábẹ́ ìjọba ológun, tí wọ́n ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, tí èèyàn ń tò fún ṣúgà àti mílíìkì bíi pé oògùn ni. Òróró linsíìdì pòórá ní Èkó. Àǹtí mi kan ní kí wọ́n fi àdín kùn ún, Ìyá Kékeré ní, "Àdín kì í gbẹ o. Èèrà lẹ ń ránṣẹ́ pè." Ìyá àgbà wá rí káfíńtà kan ní Pẹ́dírò tó tọ́jú ìgò kan pamọ́. Ọkùnrin náà ò gba owó, mílíìkì ló ń wá fún ọmọ ẹ̀. Mílíìkì alágolo tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fìyà tò fún, èyí tí mo ti ń fojú sọ́nà fún, ni ìyá àgbà kó lọ fún un. Ẹ̀kọ gbígbóná lásán ni mo mu títí ọyẹ́ fi lọ. Nígbà tí mo ń ráhùn, wọ́n ní, "Ìwọ á tún rí mílíìkì mu. Ìyàwó mi ò ní lókun láti máa kúnlẹ̀ títí láé."

Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ìyá àgbà jẹ́ gan-an, ti ọ̀rọ̀ sójà ni kí ẹ gbọ́. Sátidé ìmọ́tótó ni, ọjọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ayé tún àyíká ṣe. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń kun òkúta. Wọ́n ti kùn ún tán, ìyá àgbà ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Kékeré ṣì kúnlẹ̀ létí gọ́tà, wọ́n ń nu òkúta tó kẹ́yìn. Èmi ti kó gọ́tà, àmọ́ mi ò tíì kó ẹrẹ̀ ẹ̀ dànù. Sójà méjì dé pẹ̀lú kòbókò. Ọ̀kan fẹ́ gbé bàtà lé òkúta, Ìyá Kékeré sì nawọ́ dí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Má tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."

"Ta lò ń pè lọ́mọ ẹ? Ìwọ lo ni ẹrẹ̀ yìí?" Ó ní kí wọ́n káwọ́ sókè, kí wọ́n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá àgbàlagbà. Àwọn aládùúgbò tó ń gbálẹ̀ dorí kodò. Ìyá Kékeré ti ń ká ọwọ́ sókè.

Ìyá àgbà bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Wọn ò gba ẹ̀gbẹ́ o. Wọ́n gba àárín òkúta tí òróró ṣì tutù lórí ẹ̀, òkúta tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ já títí dé gọ́tà. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Kékeré, wọ́n káwọ́ tiwọn náà sókè. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi ni. Láti ọjọ́ tó ti wọlé yìí, èmi nìkan ni mo ń fìyà jẹ ẹ́. Tó o bá fẹ́ bá mi pín nínú ẹ̀, orí mi ni wàá ti bẹ̀rẹ̀."

Sójà náà wo ìkejì ẹ̀. Ìkejì ẹ̀ wo ilẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ. Wọ́n ní kí a kó ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n sì lọ. Ipasẹ̀ ìyá àgbà wà lójú òkúta títí di ọyẹ́ ọdún kejì, torí Ìyá Kékeré ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Gbogbo àdúgbò ń yin ìyá àgbà. Èmi ńkọ́? Èmi ni mo ni ẹrẹ̀ náà. Mo dúró nínú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, mo sì ń rò ó pé ká ní èmi ni wọ́n ní kó máa fò, ṣé wọ́n á tẹ òkúta yẹn nítorí mi? Mi ò bi wọ́n. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ ló bà mí.

Ìgbà òjò ni wọ́n kú, àwọn sójà ṣì wà lórí oyè. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Bùọ̀dá Ràṣídì, àkọ́bí ìyá àgbà, ní kí a fọ òkúta, kí a kùn ún kó tó di àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ, kí ojú má baà ti wa lọ́dọ̀ àlejò. Mo ti mú àkísà. Inú mi ń dùn láìyẹ, torí kò sẹ́ni tó máa lé mi mọ́. Ìyá Kékeré jókòó lórí ẹní. Wọ́n ní, "Ràṣídì, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Inú ẹ̀ ò tíì gbẹ." Bùọ̀dá ní ó kàn yẹ kó dán fún ọjọ́ kan ni. Ìyá Kékeré ní, "Ohun tí ìyálé mi rò nìyẹn náà lọ́jọ́sí." Wọ́n sì bú sẹ́kún. Bí àlejò ṣe wá bá òkúta wa bó ṣe wà nìyẹn, pẹ̀lú ohun tútù aláwọ̀ ewé yẹn láàárín ẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo fọ̀ ọ́. Mo fi igi ṣóńṣó yọ ìdọ̀tí, mi ò jẹ́ kí irin kàn án. Mo dé abọ́. Mo ṣí i, ó làágùn. Mo dúró, mo tún dé e, títí di àárọ̀ tí mo ṣí i tí abẹ́ ẹ̀ gbẹ táútáú. Òróró wà nílé, àkísà wà. Kò sẹ́ni tó máa dí mi lọ́wọ́. Mo dúró lójú òkúta yẹn pẹ́, mo sì mọ̀ pé tí mo bá dá a kùn, tèmi ni. Mo gbé àkísà kalẹ̀, mo lọ sí Ladi-Lak.

Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Kékeré. Mo ní, "Ẹ wá wo òkúta bàbá yín, mà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ta ló rán ẹ?"

Mo ní, "Èmi ni mo rán ara mi."

Wọ́n wọlé lọ mú àpò wọn. Lójú ọ̀nà, wọ́n dì mí lápá mú, wọ́n ní, "Mo máa ń rí ẹ lójú fèrèsé. Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ ìyálé mi ní gbogbo ọdún. Ọjọ́ kan péré ni tèmi, o tún ń wò ó." Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè jowú mi.

Wọ́n ya àkísà wọn sí méjì, wọ́n fún mi ní ìdajì. A kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, à ń fẹ̀yìn rìn lọ. Wọ́n fi hàn mí bí a ṣe ń pa á kó fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò fi nǹkan kan hàn mí mọ́. Wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ti bàbá àgbà, ti korobá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn ò kúrò lára òkúta. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn. Mo ní, níkẹyìn, mo ti dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọn ò wòkè, wọ́n ní, "Ìyálé mi, ẹ nu tọ̀dọ̀ yín yẹn, ó ti fẹ́ máa lẹ̀."

Mi ò sọ fún wọn pé èmi kọ́. Mo nu tọ̀dọ̀ mi.